NeoNatalie, Ọmọlángidi Ìkọ́ṣẹ́ Agbẹ̀bí: Àgbéyẹ̀wò fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Ẹlẹgbẹ́ Mi

Ohun tí mò ń yẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ yìí ni NeoNatalie, ọmọlángidi tí ilé-iṣẹ́ Laerdal Global Health ní ìlú Stavanger, ní orílẹ̀-èdè Norway, ń ṣe fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń gbẹ̀bí, pẹ̀lú Helping Babies Breathe, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni mò ń kọ ọ́ sí, pàápàá jù lọ àwọn tó jẹ́ alábòójútó wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni, tí wọ́n ń ronú bóyá kí àwọn rọ àwọn aláṣẹ láti rà á. Ìdáhùn mi ni pé ó yẹ ní rírà, àǹfààní rẹ̀ sì ju ti ọ̀pọ̀ sẹ́mínà tí a ń sanwó fún lọ. Àmọ́ owó tí a bá ná lé e lórí yóò ṣòfò bí ọmọlángidi náà bá ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, tí ẹnikẹ́ni kì í rí i àfi lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera.

Ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń tún ìwé-àṣẹ ìṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, a kò sì lè tún un ṣe láìṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àìgbọdọ̀máṣe tí gbogbo wa mọ̀ sí MCPDP. Èrò tó wà lẹ́yìn òfin yìí dára púpọ̀, nítorí ìmọ̀ ìtọ́jú ń yí padà, ẹni tó sì jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ogún ọdún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ máa fi ohun tó kọ́ nígbà náà nìkan tọ́jú aláìsàn òní. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí àwọn nọ́ọ̀sì kún inú gbọ̀ngàn, kí olùkọ́ kan máa ka ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri fún wọn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n buwọ́ lùwé, kí wọ́n sì gba sátífíkéètì. Sátífíkéètì yóò wọ fáìlì, fáìlì yóò dé iwájú àwọn tó ń ṣètò ìgbéga, a ó sì máa gòkè láti Nursing Officer dé Senior, láti Senior dé Principal, títí dé Chief Nursing Officer, láìsí ẹni tó béèrè bóyá ọwọ́ wa ṣì mọ iṣẹ́ tí ìwé sọ pé a mọ̀. Yàrá ìgbẹ̀bí ni àlàfo yìí ti ń dùn mí jù. NDHS, ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera, ti 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò pé oṣù kan láyé, àìlèmí dáadáa nígbà ìbí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń pa wọ́n.

Ọmọlángidi náà tóbi tó ọmọ tuntun. Inú rẹ̀ ṣófo. A lè fẹ́ atẹ́gùn sí i, ṣùgbọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi lítà méjì ló dára jù láti rọ sí i, torí omi yìí ló ń fún un ní ìwúwo, òun ló sì ń jẹ́ kí orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Ẹni tó bá ti gba ọmọ tí kò mí rí lójú iṣẹ́ yóò mọ ìrọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Àwọn rọ́bà kéékèèké tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ara rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ìdánrawò: bó bá ń tẹ̀ wọ́n, ìwọ́ ọmọ á máa lù bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí kí àyà máa gòkè bíi pé ọmọ ń mí fúnra rẹ̀, tàbí kí ọmọ ké. Báàgì ìfúnnímìí, ìbomú oríṣi méjì tí ọ̀kan kéré ju èkejì lọ, àti ohun ìfakùn tí wọ́n ń pè ní Penguin wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ràn Penguin yìí lọ́tọ̀, nítorí ó ṣeé ṣí sí méjì, ó ṣeé fọ̀ nínú-lóde, ó sì ṣeé sè nínú omi gbígbóná, kò dà bí àwọn rọ́bà ìfakùn tó dí pinpin tí ìdọ̀tí máa ń kó sí nínú láìsí ẹni tó rí i. Åsmund Laerdal, tó dá ilé-iṣẹ́ tí èyí ti ṣẹ̀ wá sílẹ̀ ní 1940, jẹ́ ẹni tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé kó tó ṣe Resusci Anne, ọmọlángidi tí àgbáyé fi kọ́ bí a ṣe ń fún ènìyàn ní ìmí, ní 1960. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ ìtàn yìí, torí ó hàn lára iṣẹ́ náà pé ẹni tó mọ ara ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Helping Babies Breathe fúnra rẹ̀ jáde ní 2010 láti ọwọ́ American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ẹ̀dà kejì sì tẹ̀ lé e ní 2016. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, èyí tí wọ́n pè ní Golden Minute: kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, ọmọ gbọ́dọ̀ ti máa mí dáadáa, tàbí kí a ti máa fi báàgì fún un ní ìmí. Àwòrán ńlá kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìgbẹ̀bí pín iṣẹ́ náà sí àwọ̀ mẹ́ta. Àwọ̀ ewé jẹ́ ti ọmọ tó ké, tí a kàn ń nù gbẹ, tí a ń gbé lé ìyá rẹ̀ láyà, tí a sì ń dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí a tó gé ìwọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti ìṣẹ́jú tí a ti gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Pupa sì jẹ́ ti ọmọ tí a ṣì ń fún ní ìmí lẹ́yìn náà, tí a ti ké sí ẹlòmíràn wá, tí a sì ń ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Nínú ọmọ 100, nǹkan bíi 85 ni yóò mí fúnra wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Nǹkan bíi 10 yóò mí bí a bá nù wọ́n gbẹ dáadáa tí a sì fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn. Mẹ́ta sí mẹ́fà ni yóò nílò báàgì àti ìbomú. Àwọn tí ìtọ́jú wọn yóò ju ìyẹn lọ kò pé ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí iye yìí díẹ̀. Agbẹ̀bí tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, tó ń gba ọmọ mẹ́wàá lóṣù, lè ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó kan ọmọ kan ṣoṣo tó nílò báàgì, lọ́jọ́ tó bá sì kàn án, ìṣẹ́jú kan péré ló ní. Iṣẹ́ tí a kì í ṣe lemọ́lemọ́ máa ń kúrò lọ́wọ́, bó ti wù kí orí mọ̀ ọ́n tó. Ìdí rèé tí ọmọlángidi fi di dandan: kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọwọ́ fi lè máa rántí.

Bí ó ṣe ń kọ́ ọwọ́ ni ó fi borí ìwé. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọlángidi yìí kò ní ṣí àyàfi bí orí rẹ̀ bá wà ní ipò tó yẹ, tí a gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ tí imú sì kọjú sí òkè. Bí a bá tẹ orí sẹ́yìn jù, tàbí tí a jẹ́ kí àgbọ̀n wó lu àyà, a lè fún báàgì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àyà kò ní gòkè. Ìbomú gbọ́dọ̀ bo àgbọ̀n, ẹnu àti imú láì dé ojú. Bí kò bá jókòó dáadáa, atẹ́gùn yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde, etí ẹni tó wà nítòsí yóò sì gbọ́ ọ. Ìmí 40 ni a ń fún ọmọ láàárín ìṣẹ́jú kan, a sì ń ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta sókè kí ọwọ́ má baà yára jù, torí pé ìdààmú máa ń mú kí ènìyàn fún báàgì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí àyà kò bá gòkè, ẹ̀kọ́ náà ní ètò tí a ó tẹ̀ lé: kí a tún ìbomú gbé, kí a tún orí tò, kí a nu ẹnu àti imú bí ikun bá wà níbẹ̀, kí a la ẹnu ọmọ díẹ̀, kí a sì fún báàgì le sí i. Mo ti rí àwọn nọ́ọ̀sì tó lè ka ètò yìí lórí láìṣì sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fún báàgì léraléra láì jẹ́ kí àyà mì, títí ẹnìkan fi ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọlángidi yìí kì í ṣègbè. Kò ka sátífíkéètì, kò ka ipò, kò ka ọjọ́ orí. Bí ìbomú bá ń jò, àyà kò ní gòkè fún Chief Nursing Officer gẹ́gẹ́ bí kò ṣe ní gòkè fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ̀ lé ìlànà kò gbọ́dọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ fún olùkọ́ kan. Ẹni méjì-méjì ló ń lo ọmọlángidi kan. Ọ̀kan á ṣe agbẹ̀bí, èkejì á darí ọmọ, wọn á sì pààrọ̀. Ẹni tó ń darí ọmọ ń kọ́ṣẹ́ tó agbẹ̀bí, nítorí òun ló gbọ́dọ̀ pinnu ìgbà tí ọmọ yóò ké, ó sì di dandan kó máa wo ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ láìmójú kúrò. Ìdánwò ìparí wà, nínú èyí tí a ó gbé ìtàn ọmọ kan kalẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi ọwọ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá pè yín sí ibi tí ènìyàn ọgọ́ta ti ń wo ọmọlángidi kan lórí tábìlì níwájú, ohun mìíràn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kódà bí orúkọ ẹ̀kọ́ náà bá wà lára báńà.

Àdúrà wa fún aboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Nítorí náà, bí ohùn ọmọ bá pẹ́, ọkàn gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá á dàrú, ìdàrúdàpọ̀ yẹn ló sì ń mú kí ọwọ́ ṣáré lọ sí àṣà àtijọ́: kí a gbá ọmọ nídìí, kí a di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú kí a sì dorí rẹ̀ kodò, kí a wọ́n omi tútù sí i, tàbí kí a fún un níhà. Ẹ̀kọ́ yìí kọ gbogbo wọn, ó sì tọ̀nà. Omi tútù ń gba ooru lára ọmọ tí kò ní ooru púpọ̀, gbígbá àti dídorí kodò lè ṣe é léṣe, gbogbo rẹ̀ pátá sì ń jẹ ìṣẹ́jú tí ó yẹ kí báàgì ti wà lójú ọmọ. Ṣíṣe é lórí ọmọlángidi léraléra ló ń mú àṣà yìí kúrò. Ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé kó má ṣe é yóò gbàgbé nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun mìíràn yóò ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Tanzania ni a ti rí agbára àti àìlera ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 láti ilé ìwòsàn mẹ́jọ níbẹ̀ fi hàn pé ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ fi ìdá 47 nínú 100 dínkù lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, iye ọmọ tó sì kú sínú nígbà ìrọbí fi ìdá 24 dínkù. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn Haydom Lutheran, ní àríwá orílẹ̀-èdè kan náà, ìtàn mìíràn kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ náà fún ọjọ́ kan ní 2010; nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe dáadáa sí i lórí ọmọlángidi, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ọmọ gidi nínú yàrá ìgbẹ̀bí kò yí padà. Àwọn ará Haydom kò sọ pé ẹ̀kọ́ kò dára, wọn kò sì jù ú nù. Wọ́n gbé ọmọlángidi wá sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ṣe ìdánrawò lọ́sẹ̀. Ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 lọ sílẹ̀ láti 11.1 sí 7.2 nínú ọmọ 1,000.

Mo máa ń sọ ìtàn Haydom yìí fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣètò owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn kan náà ni, irú ọmọlángidi kan náà ni, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ibi tí wọ́n gbé e sí àti bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè ló yàtọ̀. Bí a bá ní owó tí yóò kó nọ́ọ̀sì ogún lọ sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ kí a fi apá kan rẹ̀ kọ́ni lẹ́ẹ̀kan dáadáa, kí a sì fi èyí tó kù ra ọmọlángidi tí yóò máa gbé wọ́ọ̀dù. Àsìkò tí àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó wọlé lọ́wọ́ ló rọrùn jù, nítorí gbogbo ènìyàn ti wà nílẹ̀. Ẹni méjì á ṣe é, àwọn yòókù á wò, a ó kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀kọ́ yìí kò lè bá wa yanjú, ìyẹn ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹni méjì bá ń ṣe ìdánrawò, ojúṣe ẹnìkejì ni láti sọ ohun tó rí. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ kò ní wo ojú mátírọ́nì tó ti ń gbẹ̀bí láti ọgbọ̀n ọdún, kó wá sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò gún. Yóò ní, “Ẹ ṣe é dáadáa, Mà,” ìdánrawò á sì parí síbẹ̀. Èyí tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí àgbà jù lọ nínú wọ́ọ̀dù kọ́kọ́ bọ́ síwájú, kó ṣe é, kó sì béèrè fúnra rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni mo fò níbẹ̀?” Nígbà tí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, ìdáhùn kì í ṣe àrífín mọ́. Kí a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa dá lórí ọmọ: “Mà, àyà rẹ̀ kò tíì gòkè o” rọrùn fún ọmọdé láti sọ, ó sì rọrùn fún àgbà láti gbọ́. Ní òru ọjọ́ kan, gbólóhùn yẹn gan-an ni ọmọdé yóò ní láti sọ lórí ọmọ gidi, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́ nìyẹn.

Ní ti ìlọsíwájú nínú iṣẹ́, ọmọlángidi yìí ń ṣí ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kì í sábà rí. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nílò ẹni tí yóò máa darí ìdánrawò, tí yóò máa tọ́jú rẹ́jísítà, tí yóò sì mọ ẹni tí ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan báàgì gbẹ̀yìn. Kò di dandan kí onítọ̀hún jẹ́ ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún kan ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àgbà láì rí i fín, ó ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ó sì ní ohun gidi láti sọ níwájú àwọn tó ń ṣe ìgbéga, ju àkójọ sátífíkéètì lọ. Àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtìkó mọ ohun tí mò ń wí, nítorí lọ́dọ̀ NMC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún orúkọ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 450, pé òun ti kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 35, tí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, kó sì kọ àròjinlẹ̀ márùn-ún lórí ohun tó kọ́ àti ohun tí ẹ̀kọ́ náà yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Apá tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó wù mí gidigidi kí MCPDP tiwa náà máa ka ìṣẹ́jú tí a kọ sínú rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù mọ́ ohun tó ń tún ìwé-àṣẹ ṣe, nítorí ẹni tó ń ṣe ìdánrawò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ti ṣe ju ẹni tó jókòó nínú gbọ̀ngàn lọ.

NeoNatalie ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe é fún kò dé orí títẹ àyà ọmọ, fífi ọ̀pá sí ọ̀fun tàbí lílo oògùn; ẹni tó bá ń lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe fún ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ ju èyí lọ. Àwọ̀ ọmọlángidi kì í yí padà bí ìmí ṣe ń wọ̀ ọ́, kò sì lè sọ fún wa pé a fún báàgì le jù. Ara rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ara ọmọ tuntun máa ń yọ̀, ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì fi omi rin ín nígbà míràn. Irú kan tí wọ́n ń pè ní NeoNatalie Live ń fi bí ìbomú àti ìmí ṣe rí hàn lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì wúlò púpọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì; fún ilé ìwòsàn kékeré tí iná mànàmáná kò ti dúró, èyí tí kò nílò iná ni èmi yóò yàn. Bí owó bá tún wà, MamaNatalie, tí olùkọ́ ń so mọ́ ikùn láti fi ṣe ìrọbí àti ìsun ẹ̀jẹ̀, bá a rìn dáadáa, nítorí ọwọ́ kan náà ló sábà máa ń tọ́jú ìyá àti ọmọ ní òru.

Ẹ gbìyànjú láti ra méjì, kí ìdánrawò má baà dúró bí ọ̀kan bá ń jò. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kò wá èrè lórí rẹ̀, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn tààrà kí ẹ tó gba iye tí oníṣòwò bá dá. Lẹ́yìn ìlò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù pátá kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí èbu má baà hù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí a ti ń tọ́jú ọmọ, níbi tí ọwọ́ yóò ti tó o láìbéèrè kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi inki pupa kọ “ìkọ́ṣẹ́” sára báàgì àti ìbomú rẹ̀, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tó mọ́ tí a tọ́jú fún ọmọ gidi, kí ẹ sì máa yẹ èyí tó mọ́ yẹn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a mọ̀ pé kò ya, pé ìbomú méjèèjì wà pẹ̀lú rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn.